Ebi Ogun Kì í Tán Lára Bọ̀rọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Àtọ̀gbẹ àti Ẹ̀dọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan àwọn méjèèjì kí n tó jókòó. Ọ̀rọ̀ lórí àrùn àtọ̀gbẹ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, àti lórí ẹ̀dọ̀ tí í ṣe olùtọ́jú ṣúgà nínú ara. Èmi kì í ṣe dókítà; iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ni mo ń ṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ni ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Ọ̀pá. Ní ọdún 2024, bàtà iṣẹ́ tuntun kan bó ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dùn ún, nítorí náà kò kà á sí, ó ń wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ó fi dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ náà ti dúdú, wọ́n sì gé ìka méjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ó ní àtọ̀gbẹ, àti pé àrùn náà ni ó ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún 33 ni. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ìwé pé kí ó máa lọ sílé. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe àwọn olówó tí ó sanra ni ṣúgà ń mú ni? Ìgbà wo ni mo jẹ ṣúgà?" N kò ní èsì. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan nípa rẹ̀ tí dókítà kò béèrè: Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, ni wọ́n bí i sí, ní ìparí ọdún 1990. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò aṣọ ní ọjà Waterside.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà yóò rántí ọdún 1990. Ogun abẹ́lé Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ó sì dé Monrovia ní oṣù Keje ọdún tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, gúnlẹ̀ sí èbúté Freeport ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ. Láàrin oṣù wọ̀nyẹn, ìrẹsì kò wọlé mọ́, omi ẹ̀rọ dá, iná mànàmáná kú. Ìdídò ńlá Mount Coffee tí ó ń fún ìlú ní iná dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1990; ìparí ọdún 2016 ni ó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú tí ó ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrẹsì ni Monrovia, nítorí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1979, nígbà tí ìjọba fẹ́ fi owó lé iye àpò ìrẹsì kan, àwọn aráàlú jáde, ìbọn sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ wá wo irú ìlú bẹ́ẹ̀ láìsí ìrẹsì rárá. Ewé igbó àti ọkàn igi ọ̀pẹ ni wọ́n ń jẹ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi lóyún rẹ̀ nínú gbogbo èyí.

Kí ni ebi inú oyún ní í ṣe pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ awakọ̀ lẹ́yìn ọdún 33? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe.

Ní ọdún 1848, ní ìlú Paris, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Claude Bernard fún ajá ní ẹran nìkan jẹ, láìfi ohun dídùn tàbí oúnjẹ oníyẹ̀fun kankan sí i. Nígbà tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jáde láti inú ẹ̀dọ̀ ajá náà wò, ṣúgà wà nínú rẹ̀. Níbo ni ṣúgà ti wá? Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Ní ọdún 1857, ó rí ohun tí ẹ̀dọ̀ ń kó ṣúgà pamọ́ sí, ó sì sọ ọ́ ní glycogen. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Bí a bá jẹun tán, ó ń gbà wọlé. Bí a bá sùn tàbí tí a gbààwẹ̀, ó ń bù jáde díẹ̀díẹ̀, kí ọpọlọ má baà pa ebi. Ẹ̀yà kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ni ó ń rán ońṣẹ́ sí àká náà. Orúkọ ońṣẹ́ yìí ni ínsúlínì. Bí ínsúlínì bá dé, ẹ̀dọ̀ á ti ilẹ̀kùn, kò ní bu ṣúgà jáde mọ́, àwọn iṣan ara á sì gba èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni nǹkan fi ń bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ońṣẹ́ kò tó. Ó sì lè jẹ́ pé ońṣẹ́ dé ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àti iṣan kò gbọ́ràn sí i. Ní ọ̀nà méjèèjì, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á máa fi omi ara fọ̀ ọ́ jáde, ènìyàn á máa tọ̀ títí ara á fi gbẹ. Àwọn baba wa tí wọ́n sọ ọ́ ní àtọ̀gbẹ kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, síbẹ̀ orúkọ tí wọ́n fún un bá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ mu.

Nísinsìnyí, ebi inú oyún. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Netherlands. Nígbà tí àwọn ọmọ tí ó wà nínú oyún ní ìlú Amsterdam nígbà náà tó nǹkan bí ẹni 50 ọdún, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìwádìí náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998, fi hàn pé ara wọn kò lè bójú tó ṣúgà tó ti àwọn tí kò rí ebi náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Barker àti Nicholas Hales ti gbé àlàyé kan kalẹ̀ ní ọdún 1992: ọmọ inú tí ebi ń pa a máa ń ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ ná. Ó ń fi èyí tí ó wà fún ọpọlọ, ó sì ń fi pancreas àti iṣan sílẹ̀ láìpé. Bí ó bá dàgbà tán sínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ, ohun èlò tí kò pé yẹn kò lè gbé ẹrù náà.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù wà ní Enugu. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ yẹ ènìyàn 1,339 wò níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ogun Bíáfíra, àwọn tí wọ́n bí nínú ìyàn ogun náà, àti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Àwọn tí ìyàn bá nínú oyún tàbí ní ìkókó ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru jù, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù, tí ìbàdí wọn sì tóbi jù. Nǹkan bí ẹni 40 ọdún ni wọ́n nígbà náà. Ìbọn ti dákẹ́ láti oṣù Kìíní ọdún 1970. Ebi kò tíì dákẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Monrovia ní ọdún 1990 ń súnmọ́ ogójì ọdún báyìí. Ogun kejì sì tún jà ní Làìbéríà láti ọdún 1999 sí 2003. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti lé ní ogún ọdún, wọ́n ti wọ iṣẹ́. Àwọn ni ó ń gbẹ́ igi rọ́bà ní Harbel, àwọn ni ó ń já ẹrù ní Freeport. Àwọn mìíràn nínú wọn ń bẹ láàrin yín níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ogun lé wá sí Nàìjíríà. Èmi kò lè búra pé ebi ọdún 1990 ni ó gé ìka ọ̀rẹ́ mi. Kò sí dókítà tí ó lè búra bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Amsterdam àti àwọn ará Enugu bá jẹ́rìí sí ohun kan náà, ó yẹ kí a ti máa yẹ irú wọn wò kí bàtà tó bó wọn lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kì í ṣe àwọn tí ó sanra nìkan náà ní ẹ̀rí. Ní ọdún 1955 ni Hugh-Jones, dókítà kan ní Jàmáíkà, kọ nípa irú àtọ̀gbẹ kan tí kò jọ èyí tí a mọ̀, tí ó ń mú àwọn tálákà tí ara wọn tín-ín-rín. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àtọ̀gbẹ tí àìjẹunkánú ń fà sínú ìwé ní ọdún 1985, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní ọdún 1999. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ní Bangkok, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ tún gbà á wọlé, wọ́n sì pè é ní irú karùn-ún. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn lórí orúkọ náà. Lójú tèmi, àrùn tálákà ni a tètè máa ń pa rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, Anne Sumner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ń gbé ní agbègbè Washington wò. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ṣúgà wọn ti kọjá ààlà kò sanra. Ínsúlínì ni kò tó. Wọ́n sì rí i pé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní A1C, bí wọ́n bá dá a ṣe, máa ń fo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ bá sọ pé A1C nìkan ti tó, ẹ béèrè àyẹ̀wò òwúrọ̀ kùtùkùtù tí a kò tíì jẹun mọ́ ọn. Bí ìyẹn bá tó 126, tí wọ́n tún un ṣe tí ó sì tún tó bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Láti 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni.

Ní ti irú èkejì, níbi tí ẹ̀dọ̀ kò ti gbọ́ràn, ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àká bá kún, tí oúnjẹ ṣì ń wọlé, ẹ̀dọ̀ á sọ ṣúgà tí ó ṣẹ́kù di ọ̀rá, á sì kó o sínú ara rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá bò di aláìgbọ́ràn. Yóò máa bu ṣúgà jáde ní òru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jẹun. Ìdí nìyí tí ṣúgà àwọn mìíràn fi ga ní òwúrọ̀, tí wọ́n á sì máa ṣépè fún àmàlà alẹ́ àná. Roy Taylor ní Newcastle sọ ní ọdún 2008 pé bí a bá lè tú ọ̀rá yìí kúrò nínú ẹ̀dọ̀ àti pancreas, àrùn náà lè padà sẹ́yìn. Òun àti Mike Lean ti Glasgow dán an wò lára ènìyàn 306 ní Scotland àti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ìdajì wọn kò jẹ ju ohun mímu díẹ̀ tí a wọ̀n lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, 46 nínú 100 wọn kò ní àtọ̀gbẹ mọ́, láìlo oògùn. Láàrin àwọn tí a kò fi sí i, 4 péré nínú 100 ni. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí lọ sílé lọ fi ebi pa ara rẹ̀. Àwọn tí ó sanra ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yìí, kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ tí àrùn mú wọn, kò sí ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì láàrin wọn, dókítà sì ń ṣọ́ wọn. Bí ẹni tí ó tín-ín-rín bí ọ̀rẹ́ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kú ni. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ tí ó sì kọ̀ láti jẹun lè dákú lórí ẹ̀rọ. Ohun tí ó bá gbogbo wa mu kò ṣòro: kí a dín ohun mímu inú ìgò àti agolo kù, kí ìrẹsì inú àwo dín, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí a sì máa rìn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Oníṣẹ́ òru tí ìṣẹ́jú 15 péré ni ìsinmi rẹ̀, tí gálà àti mínírà nìkan ni wọ́n ń tà lẹ́nu géètì, níbo ni yóò ti rí ẹ̀fọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Monrovia lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2014. Àrùn Ebola pa ènìyàn tí ó lé ní 4,800 ní Làìbéríà. Àwọn tí kò sí nínú iye yẹn ni àwọn tí kò ní Ebola, tí ó kú nítorí pé ilé ìwòsàn ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ń gba ínsúlínì lójoojúmọ́ kò lè sọ fún ara rẹ̀ pé kí ó dúró de ìgbà tí àjàkálẹ̀ bá lọ. Dókítà Samuel Brisbane àti Dókítà Abraham Borbor, àwọn oníṣègùn àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá John F. Kennedy ní Monrovia, kú nínú àjàkálẹ̀ náà, èkíní ní oṣù Keje, èkejì ní oṣù Kẹjọ. Láàrin ikú àwọn méjèèjì, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kú ní Èkó. Gbogbo yín mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí arìnrìn-àjò tí ó gbé àrùn náà wá láti Monrovia jáde sí ìgboro. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn àrùn bí àtọ̀gbẹ gan-an ni ó kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn aláìsàn rẹ̀ pàdánù dókítà wọn nítorí àrùn tí kì í ṣe tiwọn.

Ohun rere kan ti tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní Lomé, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fọwọ́ sí ètò PEN-Plus, èyí tí yóò mú ìtọ́jú irú àtọ̀gbẹ tí ó nílò ínsúlínì dé àwọn ilé ìwòsàn àgbègbè, kí ó má jẹ́ olú ìlú nìkan. Làìbéríà wà lára àwọn tí ó ti ń ṣe é. Ní Harper, tí ó jìnnà réré sí Monrovia, irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn J.J. Dossen. Àwọn tí ó wá ínsúlínì rí ní Toronto ní ọdún 1921 ta ẹ̀tọ́ wọn fún yunifásítì ní dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà wọ́n. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ilé oògùn àdúgbò yín lónìí.

Nítorí náà, nígbà tí àsìkò bá tó láti jókòó pẹ̀lú agbanisíṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí owó oṣù gba gbogbo tábìlì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní oko rọ́bà Firestone ní Harbel dìbò yan àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ tí wọ́n fúnra wọn fẹ́ ní ọdún 2007. Ní ọdún 2008 wọ́n gba ìwé àdéhùn tí ó dín ìwọ̀n iṣẹ́ òòjọ́ kù. Bí a bá lè kọ ìwọ̀n iṣẹ́ sínú ìwé, a lè kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdọọdún sínú rẹ̀ pẹ̀lú. A lè kọ ọ́ pé kí àsìkò oúnjẹ wà fún oníṣẹ́ òru, kí bàtà bá ẹsẹ̀ mu, kí oògùn oṣù mẹ́ta wà nípamọ́ de ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, àti pé a kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni nítorí àtọ̀gbẹ. Kí fíríìjì wà fún ínsúlínì. Níbi tí iná kò sí, ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí a fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ń ran ni lọ́wọ́. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ni ó ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀fọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lé e lórí ní ọdún 2000.

Ọ̀rẹ́ mi ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nílé báyìí. Ẹ̀ka wa kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbà á padà. Kò wa ọkọ̀ mọ́, ibi ìkẹ́rùsí ni ó ń jókòó sí. Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, òun ni yóò mú ẹ̀rọ àyẹ̀wò lọ́wọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí a yẹ òun wò má jẹun láti alẹ́ tí ó ṣáájú. Omi nìkan ni kí ó mu.